Ẹni Tí Yóò Gba Ripọ́ọ̀tù Lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì Ìbídàpọ̀ Awóníyì

Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 1938 ni wọ́n bí Màmá, Olóògbé Ìbídàpọ̀ Awóníyì, sí agbo ilé Awódélé ní Ìrẹmọ, nílùú Ilé-Ifẹ̀. Bàbá tó bí wọn, Pa Awódélé, jẹ́ àgbẹ̀ kòkó. Ìyá wọn, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Olóbì, ta obì fún ogójì ọdún, wọn kì í sì í wo ọwọ́ wọn bí wọ́n bá ń kà á. Ifẹ̀ ni ilé bàbá, Ifẹ̀ ni ilé ìyá. Ohùn Ifẹ̀ náà ni Màmá fi ń bínú títí ọjọ́ ayé wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ iṣẹ́.

Ní ọdún 1957, lẹ́yìn tí wọ́n jáde ilé-ìwé nílé, wọ́n wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní Iléṣà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé Ràbíátù, ọmọ Modákẹ́kẹ́, tó di ọ̀rẹ́ wọn tímọ́tímọ́. Ràbíátù fọ́ tẹ̀mómítà kan ní ọdún 1959. Títí di ọdún yìí, Màmá kò jẹ́ kí ó sinmi lórí ọ̀rọ̀ náà.

Wọ́n parí ẹ̀kọ́ ní ọdún 1960. Ní ọdún 1962, wọ́n fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Adéwálé Awóníyì, olùkọ́ jọ́gíráfì, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́ta dá wọn lọ́lá. Nígbà tó yá, tọkọtaya náà kọ́lé sí àdúgbò Mayfair ní Ifẹ̀, níbi tí Bàbá ṣì ń gbé títí di òní.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Màmá fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí kò lè mọ Màmá. Ní wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì tó ń parí iṣẹ́ kò gbọdọ̀ máa lọ sílé títí tí nọ́ọ̀sì tó ń wọlé yóò fi gba ripọ́ọ̀tù lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò kà á fún un láti bẹ́ẹ̀dì kìíní dé èyí tó kẹ́yìn: ta ló jẹun, ta ni ibà rẹ̀ kò tíì lọ, ta ló ń sunkún pé òun fẹ́ lọ sílé. Ẹni tó gbà á yóò fọwọ́ sí i. Bí onítọ̀hún bá pẹ́, ẹni tó wà níbẹ̀ yóò dúró dè é. Àwọn ọmọ Màmá mọ ohun tí ìdúró yẹn túmọ̀ sí, nítorí oúnjẹ alẹ́ wọn ló máa ń tutù.

Ní ọdún 1984, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Màmá Olóbì. Wọ́n á ka obì mẹ́wàá, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á jáde lọ ọjà, wọ́n á bá wọn ní ọ̀nà oko. Kí ọdún márùn-ún tó pé, Màmá Olóbì á wo ojú Màmá tó ń bọ́ wọn, wọ́n á ní, "Ìwọ obìnrin yìí o ṣeun o. Ọmọ ta ni ọ́?" Màmá á dárúkọ ara wọn, wọ́n á sì tún bu oúnjẹ sí ìyá wọn lẹ́nu. Ní ọdún 1989, Màmá Olóbì lọ láìmọ ọmọ wọn. Màmá kò sunkún ní gbangba níbi ìsìnkú náà. Ẹ̀rù ló bà wọ́n, ẹ̀rù yẹn kò sì kúrò lára wọn mọ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1993, Màmá gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn wọ́ọ̀dù wá sílé nínú àpò aṣọ iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kékeré kan gun ọ̀kadà wá gbà á. Kò sí aláìsàn kankan tí nǹkan ṣe. Ṣùgbọ́n Màmá kò rántí ìgbà tí wọ́n ki kọ́kọ́rọ́ náà bọ àpò, wọ́n sì jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì fún odidi wákàtí kan, wọ́n ń wá a nínú orí wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kọ̀wé pé àwọn fẹ́ fẹ̀yìntì, ọdún márùn-ún ṣáájú àkókò. Fún ilé, wọ́n ní ó rẹ àwọn. Gbogbo ilé gbà bẹ́ẹ̀.

Ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹsàn-án ni wọ́n fẹ̀yìntì. Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ òmìnira, ìsinmi gbogbo orílẹ̀-èdè ni, nítorí náà ìyàtọ̀ kò hàn. Ọjọ́ Ajé ló hàn. Màmá wẹ̀, wọ́n lọ yunifọ́ọ̀mù, wọ́n wọ bàtà funfun, nígbà tó di agogo mẹ́fà wọ́n ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́.

Bàbá, ọkọ wọn, bi wọ́n pé, "Màmá Tẹniọlá, níbo lò ń lọ?"

Màmá ní, "Mo ń wo ojú ọjọ́ ni."

Bàbá ti fẹ̀yìntì ní tiwọn láti ọdún 1990, wọn ò sì rí i bí ìṣòro. Àga kan wà lábẹ́ igi máńgòrò, ìwé ìròyìn wà, ọjọ́ á sì tọ́jú ara rẹ̀. Màmá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n fọ ìkòkò tó ti mọ́, wọ́n gbé omi kaná wọ́n gbàgbé rẹ̀, wọ́n sì pe ọjọ́ Ọjọ́rú ní Ìṣẹ́gun. Gbogbo ẹni tó bá fẹ̀yìntì ló ń ṣe irú èyí. Lójú Màmá, ohun tó mú ìyá wọn ló ti dé ẹnu ọ̀nà yẹn.

Ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1993, wọ́n ra ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan, wọ́n sì fa ìlà sí i bí ti wọ́ọ̀dù. Ọjọ́ Ajé, aṣọ fífọ̀. Ìṣẹ́gun, oko ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́rú, wíwọn àwọn ọmọ ọwọ́. Ọjọ́bọ̀, Ràbíátù ní Modákẹ́kẹ́. Ẹtì, ọjà. Àbámẹ́ta, àwọn aláìsàn ìjọ. Wọ́n fún ìsinmi pàápàá ní agogo tirẹ̀: méjì sí mẹ́ta ọ̀sán, kí ẹnikẹ́ni má bá wọn sọ̀rọ̀. Bàbá ní irú ìsinmi wo rèé, ìsinmi tí èèyàn ń lọ bí ẹni ń lọ sí ilé ẹjọ́.

Ẹbí kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ Ọjọ́rú yẹn, nítorí ọ̀pọ̀ tó wà níjòókòó lónìí ló jẹ nínú rẹ̀. Màmá so ìwọ̀n kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ìyá ọlọ́mọ sì ń wá láti Mayfair títí dé ìsàlẹ̀ ìlú. Màmá ń kọ́ wọn bí a ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, wọ́n sì ń bá ẹni tó bá pẹ́ dé jà. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní agogo méje ìrọ̀lẹ́, ripọ́ọ̀tù. Bẹ́ẹ̀dì kìíní ni Bàbá: "Ó jẹun dáadáa. Ó bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ nígbà tó rò pé n kò wò ó. Inú bí i nígbà tí mo gba iyọ̀." Bẹ́ẹ̀dì kejì ni oko tòmátì. Bẹ́ẹ̀dì kẹta ni àwọn ọmọ Ọjọ́rú. Èyí tó kẹ́yìn ni "Nọ́ọ̀sì", ìyẹn Màmá fúnra wọn, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn láti orí, láìwo ibì kankan. Ṣùgbọ́n ripọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò gbà á. Bàbá ló kọ́kọ́ gbà á, wọ́n sì sùn lọ níbi bẹ́ẹ̀dì kejì. Bí iṣẹ́ náà ṣe bọ́ sọ́wọ́ Tẹniọlá, àkọ́bí, nìyẹn, tó ń gbé òpópónà kejì pẹ̀lú ọkọ rẹ̀.

Tẹniọlá á gba ìwé náà, á sì bi Màmá ní ìbéèrè márùn-ún tí wọn kò ní wojú ìwé dáhùn. Kí la sè lọ́jọ́ Ajé? Ọmọ ta ló wúwo jù? Lẹ́yìn náà ni yóò fọwọ́ sí i. Fún ọdún méjì ó gbà pé eré àgbà ni, àti pé nígbà mìíràn eré náà a máa sú òun.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 1996, ó bèèrè ẹni tó wá kí wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Màmá ní àlùfáà ìjọ ni. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni àlùfáà wá. Hàlímàt, ọmọ Ràbíátù, ló wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé iṣu wá. Tẹniọlá rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó wòkè, ó rí i pé ìyá rẹ̀ ti gba ìwé náà padà, wọ́n ń ka ojú ewé Ìṣẹ́gun. Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni Màmá sọ ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà fún un, àti ohun tí ìwé náà wà fún gan-an.

Tẹniọlá ní, "Màmá, èmi náà ń gbàgbé nǹkan."

Màmá ní, "Ìwọ gbàgbé ni. Tèmi lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀."

Àwọn ọmọ mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ó ní orí wọn pé, ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni kí wọ́n ṣọ́. Bí wọ́n ṣe jáde, Màmá ní àwọn làwọn kọ́ dókítà yẹn bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́, kí ló mọ̀? Ràbíátù náà gbìyànjú tirẹ̀. Ó ní, "Ìbídàpọ̀, ìwọ tó ṣì ń fi tẹ̀mómítà ọdún 1959 yọ mí lẹ́nu, kí lo fẹ́ gbàgbé?" Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fi ìbéèrè kan kún márùn-ún náà, ó di mẹ́fà. Tẹniọlá a máa fi èyí tó rọrùn bi wọ́n, Màmá á sì mọ̀, wọ́n á ní, "O ń ràn mí lọ́wọ́. Béèrè èyí tó le."

Nígbà tí ìlú dàrú ní ọdún 1997, tí Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ń bá ara wọn jà, tí ọ̀nà Modákẹ́kẹ́ kò ṣeé gbà mọ́, Màmá kò pa Ọjọ́bọ̀ rẹ́ nínú ìwé náà. Ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: "Ràbíátù. A kò lè lọ. Mo rántí pé ó yẹ ká lọ." Ìgbà tí ọ̀nà là, Ràbíátù fúnra rẹ̀ ló wá sí Mayfair. Àwọn ìyá àgbà méjèèjì dìmọ́ ara wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìsìnkú kọ́ ni ibi irọ́. Kì í ṣe gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni inú Tẹniọlá dùn sí iṣẹ́ yìí. Ó ní ọmọ, ó ní kíláàsì tó ń kọ́, ó sì ní ọjọ́ tó rẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ 1996 yẹn, kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tó wà nílé tí kò gba ripọ́ọ̀tù, àfi ẹyọ kan.

Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹjọ ọdún 1999 yìí. Ara ọmọ rẹ̀ Kọ́ládé gbóná nílé. Ó yọjú sẹ́nu ọ̀nà, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbà á láàárọ̀." Màmá, tí àyà ti ń já láti ọ̀sán, kò sọ fún un. Wọ́n ní, "Kò burú. Lọ tọ́jú ọmọ. Fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nù ún lára." Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó mọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú wọn lọ, ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ìwé náà wà lórí tábìlì ní ṣíṣí. Ojú ewé náà kún, àfi àyè ẹni tí yóò gbà á.

Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kan ni Tẹniọlá ń bi gbogbo ilé: ṣé Màmá dúró de òun?

Ẹbí da ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé náà kọ síhìn-ín bí ó ṣe wà, nítorí kò sẹ́ni tó lè to orúkọ àwọn tí Màmá fi sílẹ̀ jù wọ́n lọ:

"Nọ́ọ̀sì: àyà ń já díẹ̀. Orí pé. Ọkọ mi ni Adéwálé. Ọmọ mi ni Tẹniọlá Lágúnjú, Ọlátẹ́jú Awóníyì tó wà ní Kàdúná, àti Mojíre tó wà ní Ìbàdàn. Ọmọ-ọmọ mi ni Fúnlọ́lá, Kọ́ládé, Morádékẹ́, Àtàndá, àti Adédoyin, ọmọ Mojíre, tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lónìí. Ọ̀rẹ́ mi ni Ràbíátù. Màmá Olóbì ló bí mi."

Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni Màmá fi ṣọ́ ilé de olè tí kò wá, ó sì dun ẹbí pé wọn kò sinmi nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, kí ìwé ètò yìí tó lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, Bàbá ní kí gbogbo ilé jókòó ní agogo méje ìrọ̀lẹ́. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n ka ripọ́ọ̀tù náà láti bẹ́ẹ̀dì kìíní, tí í ṣe àwọn fúnra wọn, títí dé ìparí, wọn kò sì sùn lọ. Bàbá na bírò sí Tẹniọlá. Ó gbà á, ó sì fọwọ́ sí i ní àyè tó ṣófo náà.

Màmá, a ti gbà á. Ẹ kò gbàgbé ẹnì kankan, a kò sì ní gbàgbé yín. Ẹ bọ́ bàtà funfun yẹn, ẹ máa lọ sílé.

Ẹ sùn re o.