Àwọn Alárù Tó Ń Rìn Sódì

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà
Omi kànga ẹ̀rọ tuntun dé láti Kaplelmet, ìlú wa, kẹ́ẹ̀gì kékeré kan. Sátidé 14 ni wọ́n fẹ́ ṣí kànga náà. Baba mi ni alága ìgbìmọ̀ kànga. Ó ní kí n sọ pé omi náà dára. Mo ní ẹ jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n ná. Ó ní, "Wọ̀n ọ́n, kó o wá sọ pé ó dára."

Fúlóráìdì, iyọ̀ kan nínú omi ilẹ̀, ni mò ń wá. Òun ló sọ eyín mi di pupa bíi tíì láti kékeré, òun ni mo ṣe ń fọwọ́ bo ẹnu tí mo bá ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín.

Ìgò tá a fi ń fọ gíláàsì ní lábù ti sán. Mo mú òmíràn wá láti ilé, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀meje. Nílé wa, a kì í ju ìgò nù.

Ìṣẹ́gun, 3
Wàhálà. Nínú ọ̀pá gíláàsì mi, ojú ọ̀nà omi tín-ín-rín ju irun orí lọ. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ti omi níbẹ̀. Èérún iyọ̀ tó ru iná, áyọ́nù, ló ń ṣiṣẹ́ — alárù ni mo ń pè wọ́n. Wọ́n á tò sára ògiri gíláàsì. Tí mo bá tan iná, wọ́n á kọrí sọ́dọ̀ wáyà dúdú, wọ́n á sì wọ́ omi dání. Bí ìwé ìlànà ṣe wí nìyẹn.

Lónìí, ọ̀dọ̀ wáyà pupa lódìkejì ni wọ́n lọ. Gbogbo wọn!

Mo lọ bá ọ̀gá, Dókítà Onyancha. "Wo wáyà ẹ." Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Wáyà lorúkọ rẹ̀ láti òní lọ.

Ọjọ́rú, 4
Mo wo wáyà. Wáyà ò ṣe nǹkan kan.

Ẹtì, 6
Gíláàsì tuntun mẹ́ta. Mo fi omi ìgò mi ṣan gbogbo wọn dáadáa. Sódì, sódì, sódì.

Láràárọ̀ ni mò ń kọ́kọ́ fi omi àfiwé, èyí tí mo ti mọ iye fúlóráìdì inú rẹ̀, dán ẹ̀rọ wò, kí n tó gbé ti Baba sí i. Ẹ̀rọ á ya ìlà sórí ìwé, ìlà á sì ga bí òkè níbi tó bá ti rí nǹkan. Mo ń ká ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀ láì kà á. Omi tí ò mọ ọ̀nà, ta ló fẹ́ gba ẹ̀rí rẹ̀?

Àìkú, 8
Baba pè lẹ́yìn ìsìn. Ó ní ṣé omi kẹ́ẹ̀gì kan ni mò ń wọ̀n ni, àbí gbogbo adágún Baringo. Wọ́n ti yan ewúrẹ́ tí wọ́n máa pa. Mo ní kó sún ọjọ́ náà síwájú. Ó ní, "Jeptoo, kí ni kí n sọ fáwọn àgbà? Pé ọmọ mi ò tíì mọ̀?" Òótọ́ ni, mi ò tíì mọ̀.

Ọjọ́rú, 11
Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo jágbe mọ́ Nyakio, ẹnìkejì mi ní lábù, pé kì í fọwọ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ fi mí sílẹ̀ o. Láti ọjọ́ tí inú ti ń bí yín ni ibí ti ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù onídìrí." Mo ní kó kọjú síṣẹ́ rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 14
Wọ́n ti ṣí i. Baba fi fọ́tò ránṣẹ́. Àwọn ọmọ àbúrò mi gbẹ́nu sábẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Eyín wọn funfun.

Ajé, 16
Nyakio gbé ìgò mi, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀. Àgbọn. Ó wò mí, ó wo ìgò. "Àǹtí, kí ló wà nínú èyí tẹ́lẹ̀?"

Ìpara tí mo fi ń mú irun mi rọ̀ ni.

Ohun tó ń jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ irun náà ló jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ó bo ògiri, ó lé àwọn alárù mi, ó gba òmíràn síbẹ̀, àwọn yẹn ló ń lọ sọ́dọ̀ wáyà pupa. Fífọ̀ lẹ́ẹ̀meje ò kàn án. Nyakio rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ojú tì mí. Mo bẹ̀ ẹ́.

Ìṣẹ́gun, 17
Ìgò tuntun, gíláàsì tuntun. Omi lọ sọ́dọ̀ wáyà dúdú, ó tọ́, ó gún. Fúlóráìdì? Kò yọjú. Wákàtí mẹ́ta!

Wáyà, ọ̀gá mi, dé, ó wò ó, kò dárúkọ wáyà. Ó ní fúlóráìdì ní tirẹ̀, wáyà pupa ló ń lọ bá, omi mi tó gún yìí ló ń wọ́ ọ padà. "Ìgbà tí omi ń lọ sódì yẹn, wọ́n jọ ń lọ ni. Níbo làwọn ìwé ọjọ́ yẹn wà?"

Mo ṣí dúrọ́ọ̀. Òkè fúlóráìdì dúró gbọn-in lórí gbogbo wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti omi àfiwé. Mílígíráàmù kan àbọ̀ nínú lítà kan ni kò gbọdọ̀ kọjá. Mẹ́fà ni. Lórí ìwé àkọ́kọ́ pàápàá, mẹ́fà.

Mo pe Baba. Mo ní kí wọ́n ti kànga náà pa lónìí, kí wọ́n padà sí omi òjò. Ó ní ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi náà se tíì tán ni. Ó ní òun á da á nù, òun á lọ bá àwọn àgbà fúnra òun.

Lẹ́yìn náà ló béèrè ọjọ́ tí mo ti mọ̀. Mo ní, "Òní ni, Baba." Ìwé ọjọ́ kẹta oṣù wà lọ́wọ́ mi.