Ìwọ̀n Apá Àríkẹ́

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù kẹsàn-án, 1987

Ìyá Ìjàgbo mú Bọ́tìnnì wá láàárọ̀ yìí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ lóṣooṣù ni wọ́n máa ń mú un wá kí n lè wọ̀n ọ́n fún aṣọ tuntun. Àríkẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é. Èmi nìkan ni mò ń pè é ní Bọ́tìnnì, nítorí ìdodo rẹ̀ tó yọ síta. Ọmọ ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta. Ọmọ Bíọ́lá, ọmọ mi. Bíọ́lá wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Ìlọrin, ó ku sáà méjì kó parí. Ọkọ rẹ̀, Adétóyè, ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Kàdúná. Ìyá Adétóyè ló gba ọmọ sọ́dọ̀ ní Ìjàgbo. Òun ni Ìyá Ìjàgbo.

Bí mo ṣe ń wọn ọmọdé kò yí padà láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Àyà, ìbàdí, gígùn ẹ̀yìn, apá, ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá kan apá, èmi a wá ibi tó jẹ́ ìdajì láàárín èjìká àti ìgúnpá, màá jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ wà nílẹ̀ jẹ́ẹ́, mi ò sì ní fún téèpù mọ́ ọn. Ilà mẹ́jọ ló wà nínú ínǹṣì kan lórí téèpù mi.

Òjò ò jẹ́ kí wọ́n mú un wá ní oṣù kẹjọ. Apá Bọ́tìnnì ní oṣù keje: ínǹṣì márùn-ún àti ilà mẹ́fà. Lónìí: márùn-ún àti ilà mẹ́rin.

Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìwọ̀n ọmọdé lè dúró sójú kan fún oṣù kan tàbí méjì. Kí ló ń mú un padà sẹ́yìn? Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tóbi sí i pẹ̀lú ilà mẹ́ta. Bóyá téèpù ti nà.

Ọjọ́ Àìkú, 6 oṣù kẹsàn-án

Mo gbé téèpù lé rúlà onígi. Kò nà.

Ọjọ́rú, 9 oṣù kẹsàn-án

Mo gé aṣọ Bọ́tìnnì. Pátánì ọlọ́dún méjì tí mo fọwọ́ ara mi yà sórí bébà ni mo lò — apá rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì mẹ́fà. Tí mo bá gé e bẹ́ẹ̀, apá aṣọ á máa fì lára rẹ̀ bí àpò tí wọ́n gbé kọ́ sórí ìṣó. Tí mo bá gé e kéré, gbogbo èèyàn á rí bí apá ọmọ ti tín-ín-rín tó.

Ohun tí mo ṣe: mo gé apá aṣọ náà ní ìlọ́po méjì, mo fún un pọ̀ ní òkè, mo fi rọ́bà sí etí rẹ̀ nísàlẹ̀, mo wá fi aṣọ líle tẹ́ inú rẹ̀ kó lè dá dúró fúnra rẹ̀. Ó wú rọ̀bọ̀tọ̀. Èèyàn ò lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àkànṣe iṣẹ́ ni, wọ́n kọ́ mi dáadáa níbi tí mo ti kọ́ ọ. Inú mi dùn nígbà tí mo gbé e kọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 oṣù kẹwàá

Márùn-ún àti ilà kan.

Ìyá Ìjàgbo ò tíì jókòó tó fi ń pariwo: "Àna mi, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́! Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ o! Bàtà tí ẹ rà níjọ́sí, ẹsẹ̀ ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ ti gbà báyìí pé mo mọ ọmọ tọ́ ju ẹ̀yin tíṣà lọ?"

Òótọ́ ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún, ẹsẹ̀ tóbi. Apá nìkan ló ń sọ nǹkan mìíràn.

Mo bèèrè ohun tó ń jẹ. Ẹ̀kọ láàárọ̀, láfún pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá lọ́sàn-án, ẹ̀kọ lálẹ́. Ẹ̀wà ńkọ́? Ó ní ó ń run ún nínú, òun ti jáwọ́ ńbẹ̀. Ẹran ńkọ́? Ó kọ́kọ́ wò mí bóyá mò ń ṣeré. "Ẹran kẹ̀, Tíṣà? Ẹyin? Ẹni tó bá ń fi ẹran sẹ́nu ọmọ kékeré, olè ló ń kọ́ ọ. Ọ̀la ló máa ṣí ìkòkò. Ọmọ mẹ́fà ni mo tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ tọ́ka sí olè kan nínú wọn!"

Kò sí. Adétóyè kò ní mú abẹ́rẹ́ oní-abẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá mi ṣe tọ́ wa. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó lọ tán ni mo rántí pé ní ilé tiwa, ẹ̀wà ò kúrò lórí iná lọ́jọ́ kan, ìyá wa sì ń fún wa lọ́mú títí a fi lè lọ pọnmi.

Mo wọ aṣọ tuntun fún Bọ́tìnnì. Ó bá a mu gan-an ni.

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù kẹwàá

Ó sùn sọ́dọ̀ mi, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn obìnrin ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Wọ́n ní ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ni, wọ́n ní ọmọ ọlọ́rọ̀. Àwọn mẹ́ta bèèrè pátánì apá aṣọ náà lọ́wọ́ mi.

Bọ́tìnnì ò sunkún, kò rẹ́rìn-ín, kò sáré láàárín bẹ́ǹṣì bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ sí ló ń wà. Wọ́n ní ẹ wo ọmọ tó ní ìwà.

Ọjọ́rú, 14 oṣù kẹwàá

Mò ń ran ọmọláńgidi aṣọ fún un. Ègé mẹ́jọ: orí méjì, ara méjì, apá àti ẹsẹ̀. A ó rán an lójú òdì, a ó fi ihò kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó yí i síta, a ó wá fi òwú ki í. Igi tín-ín-rín ni mo fi ń ti òwú náà dé ìka ọwọ́. Apá ọmọláńgidi yìí ki.

Nọ́ọ̀sì Roseline wá gba aṣọ ọmọ rẹ̀. Mo bi í léèrè bí ẹni pé ọ̀rọ̀ oníbàárà kan ni. Ó jókòó, ó ṣàlàyé fún mi, kò sì kánjú rárá. Ó ní kí n fi àtàǹpàkò tẹ orí ẹsẹ̀ ọmọ náà, kí n ka ení dé àrún, kí n ṣí i. Tí ojú ibẹ̀ bá jìn tí kò tètè kún, omi ni, kì í ṣe ẹran ara. Omi náà ló ń kún ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àìrí ẹyin, ẹran, ẹja àti ẹ̀wà jẹ ló ń fà á. Tí apá bá fi lè kéré sí ínǹṣì márùn-ún, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, kì í ṣe ọ̀la.

"Ọmọ ta ni, Mà?"

Mo ní ọmọ oníbàárà mi kan ni, ará Ọ̀jòkú. Mo purọ́ fún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 oṣù kẹwàá

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìjàgbo. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi láti ilé, gbólóhùn mẹ́rin péré, kò sí èébú nínú wọn.

Ìyá Ìjàgbo ti pa adìẹ dè mí. Ó gbé itan síwájú mi pẹ̀lú ẹyin sísè méjì, ó ní àna òun ò ní jẹ iyán lásán. Bọ́tìnnì jókòó sórí ẹní, ó ń wo àwo. Kò tọrọ. "Ẹ wò ó," ni ìyá àgbà wí, tayọ̀tayọ̀, "kò tọrọ."

Ó wọlé lọ bu omi. Mo já ẹran díẹ̀, mo fi í sí Bọ́tìnnì lẹ́nu. Ó mú un jáde pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀, ó dá a padà sínú àwo mi.

Mo tẹ orí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ka ení dé àrún. Ojú ibẹ̀ jìn, ó wà bẹ́ẹ̀. Mo díbọ́n pé mo fẹ́ rán bùbá, mo wọn apá: mẹ́rin àti ilà méje. Irun iwájú orí rẹ̀ ti pọ́n bí irun àgbàdo.

Gbólóhùn mẹ́rin náà wà lẹ́nu mi. Èyí tí mo sọ ni: "Màmá, ẹ jẹ́ kó wá bá mi gbé fún ọ̀sẹ̀ méjì."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Kí ló dé? Kí ni mo ṣe tí kò tó?"

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà á já sí. Òun nìkan ló gbà kí Bíọ́lá lọ sílé ìwé. Adétóyè ti sọ ọ́ fún wa pé lọ́jọ́ tí ìyá òun bá ti ráhùn, ìyàwó òun á padà sílé. Sáà méjì ló kù.

Mo ní: "Kò sí nǹkan kan o, Màmá. Ó kàn ń wù mí ni."

Mo jẹ itan adìẹ náà tán. Mo gbé ọmọláńgidi fún Bọ́tìnnì, mo sì wọ bọ́ọ̀sì padà.

Ọjọ́ Àìkú, 18 oṣù kẹwàá

Mẹ́rin àti ilà méje. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n, mo pa ìwé dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 oṣù kọkànlá

Wọn ò mú un wá. Ìyá Ìjàgbo ránṣẹ́ pé inú ń ṣe é díẹ̀, pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó yẹ kí n gbéra lónìí. Aṣọ ìrìbọmi mẹ́rin wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ lò lọ́la, ọ̀kan ò tíì ní ọrùn. Lọ́jọ́ Ajé ni màá lọ. Màá sọ ọ́, bí Bíọ́lá tilẹ̀ máa fi ilé ìwé sílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù kọkànlá

Mo bá a lẹ́yìn ìyá àgbà, orí rẹ̀ ń yẹ̀. Ọjọ́ kẹrin tó ti ń bì tó sì ń yàgbẹ́ gbuuru nìyí. Awọ itan rẹ̀ ti ń bó bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Mi ò sọ gbólóhùn kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo gbà á, a dé ilé ìwòsàn.

Dókítà bèèrè pé láti ìgbà wo. Ìyá Ìjàgbo ní: "Dókítà, ọmọ yìí sanra o. Àná-àná ló rù. Ẹ bi Tíṣà, òun ló ń rán aṣọ fún un. Ṣebí ó ń wọ̀n ọ́n lóṣooṣù!"

Dókítà yíjú sí mi. Mo wo ilẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù kọkànlá

Wọ́n fi rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú láti fi fún un ní mílíìkì. Ó gba ṣíbí mẹ́wàá. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní ó dára. Ọwọ́ rẹ̀ tutù.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù kọkànlá

Bọ́tìnnì lọ. Aago mẹ́wàá àárọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù kọkànlá

Ìjàgbo ni wọ́n sin ín sí. Bíọ́lá dé nígbà tí wọ́n ti bo ilẹ̀. Mi ò bèèrè aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un.

Àwọn èèyàn ń wá kí wa. Gbogbo wọn ń sọ pé ká ní ọmọ náà ò sanra bẹ́ẹ̀ ni, à bá tètè mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 oṣù kọkànlá

Bíọ́lá ń wá òwú dúdú nínú dúrọ́ọ̀ mi. Ìwé ìwọ̀n ló rí. Ó ṣí i sójú ewé tí orúkọ ọmọ rẹ̀ wà.

"Mummy, kí ni àwọn nọ́ńbà yìí?"

Mo ṣàlàyé. Mo ti ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ilé ìwé láti ọjọ́ pípẹ́, ẹnu mi ti mọ́ ọn lára: èyí ni apá, èyí ni ọrùn ẹsẹ̀, ilà mẹ́jọ ló wà nínú ínǹṣì kan.

"Mélòó ló yẹ kí apá jẹ́?"

Mẹ́fà.

Ó fi ìka tọ ọ́ lọ sísàlẹ̀, oṣù keje, oṣù kẹsàn-án, oṣù kẹwàá. "Ẹ mọ̀ nígbà yẹn?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Mo ní nítorí ilé ìwé rẹ̀ ni. "Ta ló bẹ̀ yín, Mummy? Ẹ̀yin àti ta lẹ jọ sọ ọ́?" Kò gbóhùn sókè. Ó di ẹrù rẹ̀ sínú àpò kan, ó mú ìwé náà dání, ó ní òun ń lọ sí Ìjàgbo, pé ibẹ̀ lòun á ti lọ bá Adétóyè ní Kàdúná. Òun ò padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù kọkànlá

Mi ò ránṣọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù kejìlá

Ìyá Ìjàgbo dé láàárọ̀, ó pọn ọmọ kan wá. Àdìkẹ́ ni, ọmọ àbúrò Adétóyè, ọmọ ọdún kan àti ààbọ̀. Inú ilé kan náà ni wọ́n ti ń tọ́ ọ, oúnjẹ kan náà ló ń jẹ. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Bíọ́lá ka ìwé yín fún mi," ó ní. "Gbogbo rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ rí i, ẹ bá mi rẹ́rìn-ín. Ẹ wá jẹ adìẹ mi nílé mi, ẹ sì mọ̀."

"Màmá, ẹ —"

"Ẹ dákẹ́. Èmi ò mọ̀. Ṣé ẹ gbọ́? Èmi tí mo ń fún un lóúnjẹ, mi ò mọ̀. Ká ní mo mọ̀, ẹran ara mi ni ǹ bá sè fún un. Ẹ̀yin mọ̀."

Ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀, ó gbé apá rẹ̀ síwájú mi.

"Ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ má kọ ọ́ síbì kankan. Ẹ sọ ọ́ síta kí n gbọ́."

Mo wá ìdajì apá, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, mo tún un wọ̀n. Ẹnu mi ni ìyá àgbà ń wò, kò wo téèpù rárá.

Mo ní: "Márùn-ún géérégé. Kò tó. Ẹ jẹ́ ká máa gbé e lọ sílé ìwòsàn báyìí, Màmá. Báyìí."

Ó ti ń pọ̀n ọ́n kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni mò ń kọ èyí, níta yàrá dókítà. Wọn ò tíì pè wá. Òun wà lórí bẹ́ǹṣì kejì, òógùn bò ó, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Mo dìde lẹ́ẹ̀kan láti bá a gbé e kí ó lè sinmi. Ó sún lọ sí ìkángun bẹ́ǹṣì, ó fún ọ̀já mọ́ àyà.