Mo Fi Oríkì Àkànní Pe Ẹlòmíràn

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú àmúmọ́ra. Ibi tí mo wà yìí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí Bàbá Àgbà ní àdúgbò Plateau, mo kí àwọn àǹtí mi tí wọ́n ń ṣa èso kajú lọ́wọ́ lóko ní Bessé. Sàlíù àbúrò mi, ìwọ tí wàá ka lẹ́tà yìí sókè, jọ̀ọ́, má fo ìlà kankan. Jẹ́ kí gbogbo agboolé gbọ́, torí ìta gbangba ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ mi.

Wọ́n ní mò ń tọ́jú àwọn tó pa Rafíù ẹ̀gbọ́n mi. Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí ẹ ti gbọ́, Ìyá, ẹ ò gbé tẹlifóònù mi mọ́. Mi ò bá yín wí. Bó bá jẹ́ èmi ni, n ò ní gbé e.

Ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì kò jìnnà sí ààlà ilẹ̀ wa tí wọ́n ti yìnbọn pa Rafíù pẹ̀lú aṣọ ṣọ́jà lọ́rùn. Ooru ibí ò ṣeé fẹnu sọ. Erùpẹ̀ wà nínú oúnjẹ, ó wà nínú ọgbẹ́ àwọn aláìsàn. Bí èdè wa bá ń yun mí lẹ́nu, ara mi ni mò ń bá sọ ọ́. Àwọn tí wọ́n ń gbé wá bá wa, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé ta ni wọ́n jà fún. Dókítà wa, àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ń dùn, ti fa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ fún wọn títí òòyì fi kọ́ ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́rú kan, wọ́n gbé ọkùnrin kan wá, ìbọn ti ba ikùn rẹ̀ jẹ́. Wọn ò fi í pamọ́ fún wa: ọ̀kan lára àwọn tó ń yìnbọn lu àwọn ṣọ́jà wa lójú ààlà ni. Ìyá, ọwọ́ mi kọ̀. Mo fẹ́ kó kú, kó sì dùn ún. Dókítà wò mí, ó ní bí n kò bá lè ṣe é kí n sọ, òun á dá a ṣe. Ó fọwọ́ kan di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ó fi ìkejì tẹ ọgbẹ́ náà. Mo wọ ìbọ̀wọ́.

A ṣe é títí, kò gbà. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora ti tán. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ nínú èdè wọn, torí gbogbo wọn ló ń pè é. Mo dì í lọ́wọ́ mú. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni oríkì tí ẹ fi ń jí Rafíù láràárọ̀: Àkànní, Àkànní ọmọ ẹsẹ̀ òkè, ìyá rẹ rèé o. Ó dákẹ́, ó ń wo ẹnu mi. Mò ń pè é títí ọwọ́ rẹ̀ fi tutù.

Mo mọ̀ pé látọjọ́ tí a ti sin Rafíù, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe oríkì yẹn nínú agboolé wa. Mo wá gbé e fún ọ̀kan nínú àwọn tó pa á. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn, ìyókù, iṣẹ́ ni. Tí ẹ bá ní kí n má wọlé yín mọ́, mi ò ní janpata.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fi pamọ́ fún yín. Rafíù ò kú lójú ẹsẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ fún mi. Ó pẹ́ lórí ilẹ̀, wọn ò sì ríbi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó dájú pé ó pè yín. Mi ò mọ̀ bóyá ẹnì kankan dá a lóhùn.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn, kó má jẹ́ kí ẹ tún sin ọmọ. Ẹ bá mi kí àwọn ará àdúgbò wa ní Boni, ẹni tó bú mi àti ẹni tí ò bú mi. Màá pè lọ́jọ́ Àìkú. Bí ẹ bá gbé e, ẹ má wulẹ̀ sọ nǹkan kan. Ẹ ṣáà pe oríkì tèmi, kí n gbọ́.

Ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́