Ojú Bàbá Rẹ Ti Wọ Ìgboro Ṣáájú Rẹ̀

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí o ráyè gbé fóònù ńkọ́, ṣé òun náà ń sinmi? Ọlọ́run tí kò jẹ́ ká gbọ́ ibi nípa rẹ kò ní jẹ́ kí o gbọ́ tiwa. Ewúrẹ́ ti bímọ, òrùlé ilé ìdáná ti jò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé.

Ó ti pẹ́ tó ti ń fi òòlù gbá àtàǹpàkò ara rẹ̀. Tí mo bá bi í, á ní àwọn tó ń ṣe ìṣó láyé ìsinsìnyí ń ṣahun irin ni, ìṣó wọn ti kéré jù. Ìgbà tí àwọn olùtọ́jú ojú wá sí ilé ìwé, wọ́n gbé páálí kọ́ ògiri, ABD ńláńlá lókè, wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, wọ́n ní kí kálukú jókòó lọ́ọ̀ọ́kán kó kà á. Bàbá rẹ rò pé ìdánwò ni. Kí wọ́n má baà sọ pé bàbá akọ̀wé ò mọ̀wé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fetí sí télọ̀ tó ń kà á, ó sì há gbogbo rẹ̀ sórí. Nígbà tó kàn án, ó kà á geere bí ẹni ń kọrin. Nọ́ọ̀sì ní ojú rẹ̀ dá ṣáká, kó máa lọ sílé. Èmi náà pàtẹ́wọ́ pé ọkọ mi yege. Alápatà ò rí ẹyọ kan kà, wọ́n fún un ní awò ojú. Mo rò pé wọ́n fi ń tu àwọn tó fìdí rẹmi nínú ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan àga fún alápatà, ẹsẹ̀ kan gùn, ìkan kúrú, ẹni tó bá jókòó lé e á máa kí ilẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ló bá ní, ẹ káàbọ̀ mà, kí lẹ fẹ́ kí n bá yín kàn? Mo rò pé àwàdà ni, mo bú sẹ́rìn-ín. Bó ṣe gbọ́ ẹ̀rín mi, ó gbé òòlù sílẹ̀. Ó ní ó ti pẹ́ tó jẹ́ ohùn lòun fi ń dá mi mọ̀, pé ojú mi ti di èéfín lójú òun, òun kàn ò fẹ́ kí ẹ̀rù bà mí ni. Mo sunkún, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó gbọ́.

Mo fà á lọ́wọ́ lọ sílé ìwòsàn. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ẹsẹ̀ la fi rìn. A débẹ̀, wọ́n ní ọjọ́ ọjà nìkan ni nọ́ọ̀sì ojú ń wá. A padà lọ lọ́jọ́ ọjà, mo sì jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ìdánwò. Nọ́ọ̀sì da páálí dojú dé, bàbá rẹ sì tún kà á bó ṣe há a sórí gẹ́lẹ́. Ọmọbìnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó wá tan iná sí i lójú, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní nǹkan funfun ti bo ẹyin ojú méjèèjì, pé tí dókítà bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ sí i, á ríran, pé ojú àwọn tó ń jókòó sílé ló ń fọ́. Ọ̀dọ̀ yín ni dókítà wà. Ó fi fóònù ya ojú náà, ó tẹ nǹkan, ó ní ó ti dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ojú bàbá rẹ ti wà ní ìgboro nìyẹn, kò sì san owó ọkọ̀. Jọ̀ọ́, lọ yọjú sí i, kó má dà bí ojú ẹni tí kò lẹ́bí.

Alápatà sọ fún bàbá rẹ pé wọ́n máa ń yọ ojú jáde fọ̀ ni, wọ́n sì lè ṣì í gbé nígbà tí wọ́n bá ń dá a padà. Bàbá rẹ lóun ò lọ mọ́. Mo bi í pé ojú ẹran wo ni alápatà ti dá padà rí. Ló bá ní kí n di ẹrù.

Àwọn aláàánú ti san owó iṣẹ́ abẹ. Owó ọkọ̀ àti ibi tí a máa sùn ló kù, òun náà ló sì dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró sílé níbí. Fi rán awakọ̀. Má fi sí báǹkì o, ẹ̀rọ ibẹ̀ ti gbé káàdì télọ̀ mì, kò tíì pọ̀ ọ́. Kí o sì wá dúró dè wá ní gáréèjì, mi ò lè fa afọ́jú sọdá títì yín. Bá mi ra ìpara tó ń na ojú tó ti hunjọ. Ó pẹ́ tí bàbá rẹ ti rí mi kẹ́yìn, mi ò fẹ́ kí wọ́n tú aṣọ lójú rẹ̀ kó máa bèèrè ìyàwó ẹ̀.

Ojú rẹ yóò máa rí rere. Ayọ̀ ọmọ rẹ kò ní ṣẹ̀yìn rẹ.

Èmi ni, ìyá rẹ.

Bàbá rẹ tó jókòó tì mí ní kí n pa ọ̀rọ̀ ìpara rẹ́, pé gbogbo ìlà tó gorí ojú mi láìṣojú òun lòun fẹ́ rí. Má dá a lóhùn. Rà á.