Ohùn Ìyá Rẹ Lábẹ́ Abẹ́rẹ́ Dáyámọ́ǹdì

Old GRA,
Port Harcourt,
Ìpínlẹ̀ Rivers.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 2024.

Múyìwá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ràn? Tèmi kò gbọ́, àmọ́ a dúpẹ́ pé etí ṣì ń gbọ́.

Jókòó kí o tó ka èyí. Àwo orin ẹgbẹ́ akọrin ìyá rẹ tí mo yá nígbà tí a wà ní yunifásítì, tí mo ní olè jí, olè kankan kò jí i. Abẹ́rẹ́ giramofóònù mi ló ń fò, mo gbé kọ́bọ̀ lé e lórí bí gbogbo wa ti ń ṣe nígbà náà, ó sì ha àwo náà bí ẹni ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ojú tì mí, mo purọ́. Láti ìgbà tí Màmá ti lọ ni irọ́ náà kò ti jẹ́ kí n gbádùn, torí mo mọ̀ pé o kò ní ohùn wọn mìíràn.

Nengi, ọmọbìnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ló sọ fún mi pé orí abẹ́rẹ́ olówó gegere kan wà, tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín débi pé ó ń wọ ìsàlẹ̀ ojú ìlà àwo, níbi tí abẹ́rẹ́ àtijọ́ kò dé. Mo rà á ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà. Àtinúkẹ́ ìyàwó mi béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ní dáyámọ́ǹdì ni. Ó fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó ní, "Ó dáa náà, Bàbá Títílayọ̀. Ogójì ọdún ni etí tèmi ti ń retí tirẹ̀."

Dídè é mọ́ apá ẹ̀rọ ni wàhálà. Nengi gbé òṣùwọ̀n kékeré wá bíi ti alágbẹ̀dẹ wúrà, ó ní ìwúwo abẹ́rẹ́ lórí àwo kò gbọdọ̀ ju gíráàmù méjì lọ. Mo na ọrùn láti wò ó.

"Daddy, abeg, no breathe for here," ni Nengi wí.

Mo séèémí títí òòyì fi ń kọ́ mi.

Múyìwá, ohùn ìyá rẹ jáde bí ẹni tó wà ní pálọ̀. Àmọ́ ní ìparí, níbi tí wọ́n ti ń kì ọ́, abẹ́rẹ́ ń fò padà: "Àkànní ọmọ mi, Àkànní ọmọ mi." Kò kọjá ibẹ̀. Àtinúkẹ́ bá mú kọ́bọ̀ wá, ó fẹ́ gbé e lé e lórí. Èmi àti Nengi jọ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Ó ń kí ìyàwó rẹ o. Ó ní tí ẹ bá ń bọ̀, kí ó wọ yẹtí wá, kí n lè rí bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Nengi ní òun lè tún ibi tó ń fò náà ṣe, mo ní kó fi í sílẹ̀. Má bínú, ọ̀rẹ́ mi. Bí o bá sì fẹ́ bínú, wá bínú níbí. Ìyá rẹ ń pè ọ́, wọn kò ní dákẹ́ títí ẹnìkan yóò fi gbé abẹ́rẹ́ kúrò, ọwọ́ rẹ ni mo sì fẹ́ kó gbé e.

Èmi ni olè tí kò sí,
Adéyẹmí.