Ife Ìyẹ̀fun Kì Í Ṣe Ife Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Ìyàwó mi,

Ohun tó wà nínú ààrò yẹn kì í ṣe kéèkì, àṣejù mi ni.

Oorun ń kùn ọ́ nígbà tí o ti ibi iṣẹ́ òru dé, ni mo bá ní kí n bá ọ po kéèkì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí oníbàárà rẹ ń bọ̀ wá gbà lọ́sàn-án. Ìwé rẹ ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ gíráàmù 500. Mo rí i tí o kọ ọ́ sára ògiri pé ife kan jẹ́ gíráàmù 125. Èmi ọlọ́gbọ́n bá wọn ife mẹ́rin ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígún.

Ọkọ rẹ ní, "Màmá, ṣé kì í ṣe ti ìyẹ̀fun nìyẹn?"

Mo ní, "Ta ló fi oúnjẹ tọ́ ọ dàgbà?"

Lẹ́yìn wákàtí méjì, kéèkì ṣì rọ̀ bí ẹrẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí òṣùwọ̀n: ife kan ṣoṣo, gíráàmù 225! Ife méjì àti díẹ̀ ló yẹ kí n lò. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà nílé ìdáná rẹ, kéèkì wọ́.

Mo ti pe oníbàárà, mo jẹ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun á wá nírọ̀lẹ́.

Mo lọ ra ẹyin àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Sùn sí i. Bí mo bá dé, ìwọ ni kí o máa wọ̀n, kí o máa pàṣẹ, èmi ni n ó máa dáhùn pé, "Ẹ ṣeun, mà."