Orin Tí Kò Ní Àmín

Ojúlé Kejìdínlógún,
Òkè Ìyìnmi,
Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹta, 2024.

Kíkẹ́lọmọ, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìlọrin ńkọ́, ṣé ooru ibẹ̀ kò tíì lé yín jáde nílé? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ Oore-ọ̀fẹ́ ti lọ pátápátá? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì níbí, eruku ti ń dínkù.

Jọ̀wọ́, jókòó kí o tó ka ìyókù. Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù: Bàbá rẹ wà nílé. Wọ́n jẹ ẹ̀bà lánàá, wọ́n sì ń ráhùn pé ata ọbẹ̀ kò tó. Àwọn fúnra wọn ló gbà mí láyè láti kọ̀wé sí ọ. N kò pè ọ́ lórí fóònù torí mo mọ̀ ọ́: kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, ìwọ ti wà nínú ọkọ̀. Olúwarótìmí tó ń wá sí Ìlọrin lọ́la ni mo fi lẹ́tà yìí rán.

O rántí pé nígbà tí àìsàn ọkàn dá Bàbá dùbúlẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, èmi ni ilé ìwòsàn wa fà wọ́n lé lọ́wọ́, torí iṣẹ́ mi ni láti fi ìrìn àti eré ìdárayá dá agbára padà sára aláìsàn. Ọkàn tó ti ṣàìsàn gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ kó tó lè le, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ máa sinmi láàárín iṣẹ́. Mo ní kí wọ́n máa wo aago. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé tó ń retí agogo ìsinmi. Mo wá ronú pé ẹni tó darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kò nílò aago. A fi orin mẹ́rin láti inú ìwé orin ìjọ, àwọn tó rọra ń lọ, sórí fóònù wọn. Mo ní kí wọ́n fi íápíìsì sí etí kan ṣoṣo, kí etí kejì lè máa gbọ́ ọkọ̀. Kí wọ́n máa rìn bí orin bá ṣe ń lọ, bó bá sì ti dé Àmín, kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lẹ́yìn Àmín kejì, kí wọ́n yí padà sílé. Oṣù méjì gbáko la fi ṣe é, ara wọn sì ń le. Wọ́n máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé èmi nìkan ni mo ń fi Àmín ṣe oògùn.

Lẹ́yìn náà ni orin tí o fi ránṣẹ́ fún ọjọ́ ìbí wọn dé. Inú wọn dùn gan-an. Wọ́n ní kí Tómilọ́lá àbúrò rẹ bá wọn fi sórí fóònù, òun náà sì pa àwọn orin ti tẹ́lẹ̀ rẹ́ kí àyè lè gbà á. Orin ìyìn tí wọ́n so mọ́ra wọn, ogójì ìṣẹ́jú láìdánudúró. Mo gbọ́ ọ, ó dùn. Ṣùgbọ́n ó yá, kò sì ní Àmín.

Ní àárọ̀ Sátidé, Bàbá gbé e sétí, wọ́n jáde. Ẹsẹ̀ akọrin kì í kọ ọ̀rọ̀ sí orin lẹ́nu: bí orin ṣe ń yá ni ẹsẹ̀ ń yá. Ìwọ náà mọ̀ pé wọn kò dá orin dúró láàárín rí. Wọ́n ń retí Àmín, Àmín kò dé. Wọ́n kọjá ibi tí wọ́n ti máa ń yí padà, wọ́n dojú kọ ọ̀nà Ìyìn. Ìyá kan tó ń bọ̀ láti oko, Àdùnní lorúkọ rẹ̀, ló bá wọn lórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, ọwọ́ lé àyà, òógùn ń dà, orin ṣì ń lọ. Ó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò ti jókòó tipẹ́. Èsì tí wọ́n fún un ló tún sọ fún mi nígbà tó fi ọ̀kadà gbé wọn wá sílé ìwòsàn:

"Orin ò tíì parí."

Kíkẹ́, n kò dá ọ lẹ́bi. Mo yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ọwọ́ mi ni àṣìṣe náà ti wá. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó bí Àmín bá dé. N kò sọ ohun tí wọ́n máa ṣe bí kò bá dé. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò burú púpọ̀, ṣùgbọ́n ti Ọjọ́bọ̀ ló máa sọ bóyá ọkàn wọn tún ti farapa.

Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù ni pé wọ́n fẹ́ tún jáde pẹ̀lú orin yẹn. Mo ní kí a pa á rẹ́, wọ́n fi ọwọ́ bo fóònù náà.

"Ọmọ mi ló fi ránṣẹ́," ni wọ́n wí. "Má jẹ́ kó rò pé ẹ̀bùn òun ló ṣe mí."

Wọ́n gbà láti dúró di ẹ̀yìn àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ojú wọn kò bá ẹnu wọn mu.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Má sáré wá. Orin ni kí o kọ. Ìwọ náà wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wọn, o sì mọ orin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: àwọn tí a kọ níbi ìsìnkú Màmá ni. Gba ohùn ara rẹ sílẹ̀ sórí fóònù. Máa rìn nínú yàrá bí o ṣe ń kọ ọ́. Bí èémí rẹ bá ń já, ó ti yá jù nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ohùn rẹ, wọn ò ní fi ohunkóhun pààrọ̀ rẹ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì gbá Oore-ọ̀fẹ́ mọ́ra fún mi. Ìmọ́lẹ̀olúwa ọkọ mi ní kí n kí ọ. Jọ̀wọ́, jẹ́ kí orin náà dé kí ọ̀sẹ̀ tó parí, má sì fo ẹsẹ̀ kankan. Bí o bá dé òpin ọ̀kọ̀ọ̀kan, fa Àmín náà gùn dáadáa, kí Bàbá lè ríbi jókòó.

Èmi ni tìrẹ tó ń ṣàníyàn,
Ọmọ́tóyọ̀sí.